Gáàsì Tí Kò Rùn: Ta Ni À Ń Túmọ̀ Fún?

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, bọ̀ọ̀dá mi kan tí wọ́n ń gbé ní Chicago fi iṣẹ́ kékeré kan rán mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Ṣebí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lò ń kà? Jọ̀ọ́, bá mi túmọ̀ ojú ìwé kan péré yìí sí Yorùbá fún Màmá." Màmá tí wọ́n ń wí ni ìyá tó bí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ògbólógbòó àgbẹ̀ láti Òkè-Ògùn, tí wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Màmá mọ Yorùbá kà dáadáa, Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò gbọ́. Iṣẹ́ náà kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ, inú mi sì dùn débi pé mo fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìtumọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́, kì í ṣe láti fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, bí kò ṣe nítorí ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí gbọ́. Ìtumọ̀ tí ẹni tí a ṣe é fún kò lè fi ṣe ohun tó yẹ kí ó ṣe kò tíì di ìtumọ̀, bó ti wù kí gírámà rẹ̀ dá ṣáká tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo túmọ̀. Lábẹ́ ilé bọ̀ọ̀dá mi, yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, mítà mẹ́rin ní gígùn, mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, òrùlé rẹ̀ kò sì ga púpọ̀. Nígbà òtútù ní Chicago, ewé tútù kan kì í hù níta. Ewédú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa níbẹ̀ ti máa ń dì gbagidi bí òkúta. Bọ̀ọ̀dá mi wá gbé iná títàn yòò kọ́ sí òkè yàrá náà, wọ́n fi ọ̀rá bo ògiri, wọ́n dí gbogbo ihò kí ooru má baà jáde, wọ́n sì kan àpótí onígi mẹ́rin tí wọ́n kó ilẹ̀ kún. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin ewédú, ata, tòmátì àti tẹ̀tẹ̀ sí.

Ohun méjì ló mú kí ọgbà yìí yàtọ̀. Èkíní, wọn kì í tú ilẹ̀ inú àpótí náà rárá. Tí wọ́n bá ti kórè tán, wọ́n á gé igi ewébẹ̀ náà mọ́lẹ̀, wọ́n á fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà níbẹ̀, wọ́n á wá fi ewé àti koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀. Ekòló, àwọn okùn olú tín-ín-rín àti àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ọkọ́. Èkejì, wọ́n ra sílíńdà carbon dioxide, ìyẹn CO₂, wọ́n sì ń tú u sínú yàrá náà díẹ̀díẹ̀.

Kí ni ewébẹ̀ ń fi CO₂ ṣe? Òun àti omi àti ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí lóde, CO₂ jẹ́ nǹkan bí ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú yàrá tí wọ́n sé pa, tí iná ńlá ń tàn sí ewé, àwọn ewé lè fa ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ títí tí kò fi ní tó wọn mọ́, wọn ò sì ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gbin nǹkan sínú ilé fi máa ń gbé e lọ sí ìdá 800 tàbí 1,200. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ewébẹ̀ ló nílò rẹ̀. Ata, tòmátì àti ewédú á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo àti ìrèké, ní ọ̀nà àbínibí tó fi ń kó CO₂ jọ sínú ewé, nítorí náà àfikún kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá mi ń fowó ra afẹ́fẹ́ fún tẹ̀tẹ̀ tí kò béèrè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilẹ̀ tí a kò tú, tí a ń fi ewé bọ́, fúnra rẹ̀ ń mí. Bí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ṣe ń jẹ ewé tó ń rà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú CO₂ síta tọ̀sán tòru.

Ojú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi sọ fún Màmá bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú yàrá yìí tí bọ̀ọ̀dá mi bá wà níbi iṣẹ́. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀kan pa wá lẹ́rìn-ín. Ìkejì ni mo torí ẹ̀ kọ àròkọ yìí.

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín nìyí. Láti sọ pé wọn kì í tú ilẹ̀ ibẹ̀, mo kọ ọ́ pé, "Oko àìro ni oko yìí." Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún. Màmá ní, "Ọmọ mi, ta lò ń pè ní ọ̀lẹ?" Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé ti mọ ibi tí mo ti ṣì í. Oko àìro ni oko tí igbó ti bò, tí olówó rẹ̀ jókòó sílé. Ní ẹnu àgbẹ̀, kí a roko ni kí a tọ́jú rẹ̀. Ohun tí bọ̀ọ̀dá mi kò fẹ́ kì í ṣe kí Màmá roko. Kí wọ́n má kọ ebè, kí wọ́n má fi ọkọ́ dojú ilẹ̀ dé ni. Mo tún un kọ báyìí: "Ẹ má túlẹ̀, ẹ má kọ ebè. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fa koríko tó bá hù." Màmá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí ẹ ń pariwo lé lórí nìyẹn? Àgbàdo àkọ́rọ̀ lórí ilẹ̀ tuntun, ṣé a máa ń kọ ebè fún un ni? Àdá la fi ń lu ihò, a ó ju hóró méjì mẹ́ta sí i, a ó fi ẹsẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀."

Màmá kò jayò pa. Ìwádìí ńlá lórí irú ọ̀gbìn báyìí ní ilẹ̀ olóoru wáyé nílé wa níbí. Ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ọmọ Íńdíà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀, Rattan Lal, ṣiṣẹ́ láti 1970 di 1987. Lára ohun tó ṣe ìwádìí lé lórí ni bí òjò ńlá wa ṣe ń gbá ọ̀rá ilẹ̀ lọ níbi tí a bá ti tú u, àti bí omi ṣe ń rọra wọlẹ̀ níbi tí a kò bá tú, tí pàǹtí irè oko sì bo ojú rẹ̀. Ní 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní World Food Prize. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Màmá ní ìmọ̀ tiwọn tí wọ́n fi tún àṣìṣe mi ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ohun tí mo kọ nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tí mo kọ nìyí: "Gáàsì wà nínú sílíńdà yìí. Gáàsì náà ni afẹ́fẹ́ èédú. Tí ó bá ń jò, ẹ jáde kíákíá." Mo rò pé ó ti parí. Èédú ni carbon, àbí kì í ṣe òun? Mo pe Màmá, mo ní, "Ṣé ó yé yín, Màmá?" Wọ́n ní, "Ó yé mi dáadáa, ọmọ mi. Olúwa á jẹ́ kí ìwé tí ò ń kà ṣe ọ́ láǹfààní."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án yẹn, bọ̀ọ̀dá mi ti lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó wọn ń sùn lókè pẹ̀lú ọmọ. Wọn kò ti ẹnu sílíńdà dáadáa láàárọ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀ láti bomi rin ewébẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti to koríko gbígbẹ sójú àpótí. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, àyà wọn ń lù kìkì. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi: "Mo rántí ìwé rẹ. Mo fi imú fà á títí, mi ò gbóòórùn kankan. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mi ò rí èéfín. Mo ní àárẹ̀ àgbà ni." Wọ́n bá ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìgbà tí òǹgbẹ gbẹ wọ́n ni wọ́n di àtẹ̀gùn mú, tí wọ́n gòkè lọ mu omi. Orí àga ìdáná ni ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi ti bá wọn, ojú ń yí wọn, òógùn ń bò wọ́n nínú òtútù. Òǹgbẹ ló yọ Màmá, kì í ṣe ìtumọ̀ mi.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mélòó kan. Níbo ni mo ti ṣì í? Gbólóhùn mi kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò ni "gáàsì," inú ilé ìdáná ló sì ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn wa, kì í ṣe inú kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Gáàsì tí Màmá mọ̀ ní òórùn. Àwọn tó ń ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí i, kí imú lè tètè mọ̀ tó bá ń jò. Ẹ sọ fún Yorùbá kan pé "gáàsì ń jò," ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó fa imú. Mo lo ọ̀rọ̀ tó ní kí Màmá gbẹ́kẹ̀ lé imú wọn fún ohun tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. "Afẹ́fẹ́ èédú" tún burú jù ú lọ. Níbi tí èédú bá wà, èéfín ni ojú ń wá. Màmá wá èéfín, wọn kò rí i.

Ní kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀, wọ́n kọ́ wa pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àyálò máa ń súnkì nígbà mìíràn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dára. Mi ò mọ̀ pé ó lè kan ẹ̀mí ènìyàn.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú, ẹ wo bó ṣe rí. Òfin ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ààlà CO₂ sí ìdá 5,000 nínú mílíọ̀nù kan fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Tó bá dé ìdá 40,000, wọ́n kà á sí ewu ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀. Sílíńdà kékeré tó gba kílò mẹ́sàn-án, tí gbogbo rẹ̀ bá tú jáde, tó nǹkan bíi kúbíìkì mítà márùn-ún afẹ́fẹ́. Yàrá bọ̀ọ̀dá mi kò ju kúbíìkì mítà 28 tàbí 29 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí gbogbo rẹ̀ bá jò sínú yàrá tí wọ́n ti dí pa, yóò kọjá ìdá 100,000. CO₂ tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, bí ìlọ́po kan àtààbọ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ. Abẹ́ ilẹ̀ sì ni yàrá náà wà, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ara Màmá yá, mo pè wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò mú ìwé dání, ìbéèrè ni mo mú lọ. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti pa ènìyàn rí, tí kò sí òórùn, tí kò sí èéfín?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kànga." Wọ́n sọ fún mi nípa kànga kan ládùúgbò wọn nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, tí wọ́n ti dé lórí fún ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin kan wọ̀ ọ́ láti mú korobá tó já sínú rẹ̀, kò jáde. Àbúrò rẹ̀ wọ̀ ọ́ láti gbé e, òun náà kò jáde. Wọ́n ní, "Láti ìgbà yẹn, a kì í wọ kànga tó ti pẹ́ láì ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ẹnì kan kì í dá wọ̀ ọ́. Tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dákẹ́, okùn la fi ń fà á, a kì í tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Màmá, irú afẹ́fẹ́ inú kànga yẹn ni bọ̀ọ̀dá rà sínú sílíńdà."

Màmá pariwo. "Ó fowó rà á? Ó sì gbé e sábẹ́ ibi tí ọmọ ń sùn sí?"

Mi ò nílò àlàyé kankan mọ́. Gbogbo ohun tí ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà fẹ́ kí Màmá ṣe ni wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ará Kàmẹrúùnù, aládùúgbò wa, náà mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1986, CO₂ rú jáde láti ìsàlẹ̀ adágún omi Nyos lóru, ó ṣàn wọ inú àfonífojì, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 1,700 pẹ̀lú àwọn ẹran ọ̀sìn wọn.

Mo tún ojú ìwé náà kọ. "Afẹ́fẹ́ kànga ló wà nínú sílíńdà yìí. Kò rùn, kò ṣeé rí. Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá ju 1,500 lọ, ẹ má wọlé. Tí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gòkè lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wá òórùn. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣubú síbẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ pe 911." Dípò kí n béèrè bóyá ó yé wọn, mo ní, "Màmá, tí orí bá ń fọ́ yín níbẹ̀, kí lẹ máa ṣe?" Wọ́n dá mi lóhùn láì wo ìwé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun náà ní ẹrù tirẹ̀. Màmá ní àwọn á máa mú àbẹ́là dání wọ yàrá náà, nítorí pé àtùpà ni wọ́n máa ń sọ̀ sínú kànga láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Mo tètè bẹ̀ wọ́n pé rárá. CO₂ lè ti pọ̀ débi tí yóò pa ènìyàn lára nígbà tí ọ́síjìn tó kù ṣì tó fún iná láti máa jó. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ nìkan ló ṣeé gbára lé. Bí kì í bá ṣe pé mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ṣe, mi ò bá má mọ̀ pé àbẹ́là wà lọ́kàn wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀bi bọ̀ọ̀dá mi ni, kì í ṣe ti ìtumọ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀bi tiwọn wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ yẹ kó ti wà kí sílíńdà tó dé, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ṣí i rárá nígbà tí Màmá bá dá wà nílé. Wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Màmá wa pọ̀ níbi gbogbo. Alágbàṣe tó ń fọ́n oògùn apakoríko ńkọ́, tí gbogbo ìkìlọ̀ ara agolo rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ọmọ iṣẹ́ tó ń sun ṣọ́ọ̀bù nítòsí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Ẹlòmíràn ní "afẹ́fẹ́ kànga" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé iṣẹ́ wa ni láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tó péye. Mi ò bá a jiyàn. Àwọn aṣáájú wa ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìyẹn. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí a ṣì ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú kíláàsì ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí kò bá yé ọmọ lónìí, olùkọ́ á tún un ṣàlàyé lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò dára kò ní olùkọ́, kò sì ní ọ̀la. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló yẹ kí a ní, kí a sì mọ èyí tí a ó lò níbi tó yẹ.

Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ̀ ẹ̀ka wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìtumọ̀ àti ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. A máa ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a ó ní, "Ṣé ó dára?" Wọ́n á ní ó dára. Kí ó di ìlànà pé kí a ka iṣẹ́ náà sétí ẹni mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà wà fún. Kí a má sì bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Nílẹ̀ yìí, ta ni yóò sọ fún ọmọ tó ń kàwé pé kò yé òun? Àdúrà ni Màmá gbà fún mi lọ́jọ́ náà, mo sì kà á sí ìdáhùn. Kí a bi wọ́n pé, "Kí lẹ máa ṣe?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde níbí, tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn, ní ilé-iṣẹ́ rédíò àti lóko, ẹ bá wa gba àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn sílẹ̀. Èmi ní tèmi ti yí àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá mi padà. Ìkìlọ̀ ara agolo oògùn oko ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí, àwọn alágbàṣe ni wọ́n sì ń bá mi tún un ṣe.

Màmá ti padà sí Òkè-Ògùn láti oṣù Karùn-ún. Bọ̀ọ̀dá mi sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé gbogbo ilé ti ń pe yàrá abẹ́ ilé náà ní kànga, títí kan ìyàwó wọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ mọ́ láì kọ́kọ́ wo nọ́ńbà.